Kókó Ọrùn Tí Kò Dunni: Bí A Ṣe Ń Dá Jẹjẹrẹ Ọ̀fun Tí Fáírọ́ọ̀sì Ń Fà Mọ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo àgbẹ̀ kan ní ìgbèríko Ayétòrò, ní ilẹ̀ Yewa. Ẹni ogójì ọdún ni, ara rẹ̀ le, kò sì mu sìgá rí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ti ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan kókó kan lábẹ́ etí òsì. Kókó náà kò ju ẹ̀kùrọ́ kan lọ. Kò dùn ún, kò gbóná, kò sì dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ oko. Ó gbójú fò ó.

Nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá, kókó náà ti tó ẹyin adìyẹ. Ẹni tí ń ta oògùn ní ìkóríta fún un ní kápúsù, ṣùgbọ́n kókó náà kò lọ. Ìyá rẹ̀ se àgbo fún un, kò lọ. Aládùúgbò kan ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ọrùn ni. Òmíràn ní iṣẹ́ àwọn ọ̀tá ni. Ní gbogbo àkókò yìí, ihò imú rẹ̀ kan ń dí, etí òsì rẹ̀ sì ń hó bí ìgbà tí omi bá wọ inú etí, ṣùgbọ́n kò so ìwọ̀nyí pọ̀ mọ́ kókó ọrùn rẹ̀. Kí ó tó dé ilé ìwòsàn ńlá, oṣù mẹ́jọ ti kọjá.

Àpèjúwe lásán ni àgbẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn dókítà tí ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun mọ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ dáadáa. Kí ni ó lè wà nínú kókó bẹ́ẹ̀? Ta ni ó lè sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú? Kí sì nìdí tí ìdáhùn tí ó péye fi lè gba ẹ̀mí ènìyàn là?

Ibi Tí Àrùn Náà Ń Fara Pamọ́ Sí

Ọ̀nà ọ̀fun gùn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Lẹ́yìn imú, ní òkè àjà ẹnu, àyè kan wà tí ó dà bí yàrá kékeré. Afẹ́fẹ́ tí a ń mí sínú máa ń gba ibẹ̀ kọjá kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀fun. Bí a bá la ẹnu, tí a sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i, a kò lè rí ibẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan sì wà tí ó ti inú etí kọ̀ọ̀kan já síbẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé bí nǹkan bá ń hù níbẹ̀, etí kan lè máa hó tàbí kí ó di, ihò imú kan lè máa dí, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa yọ nínú kelebe tàbí ní imú.

Ibì kejì tí ọ̀rọ̀ wa kàn ni tónsùlù, ìyẹn àwọn ẹran kékeré méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì ọ̀fun, pẹ̀lú ìdí ahọ́n. Àwọn ènìyàn wa sábà máa ń pe gbogbo ìnira tí ó bá wà níbẹ̀ ní bèlúbèlú. Tónsùlù ní àwọn kòtò tóóró tí ó jìn. Inú àwọn kòtò wọ̀nyí ni jẹjẹrẹ lè ti bẹ̀rẹ̀, láìjẹ́ pé egbò kankan hàn sí ẹni tí ó wo ọ̀fun náà.

Àwọn kókó kéékèèké wà ní ọrùn gbogbo wa tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá àrùn dúró, gẹ́gẹ́ bí àwọn aṣọ́bodè ti ń dá ọkọ̀ dúró ní Ìdíìrókò. Bí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ bá ṣí kúrò ní ẹ̀yìn imú tàbí ní tónsùlù, ọ̀dọ̀ àwọn kókó wọ̀nyí ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ dé, níbẹ̀ ni yóò sì ti máa dàgbà. Nítorí náà, kókó ọrùn tí kò dunni ni ó sábà máa ń jẹ́ àmì àkọ́kọ́ tí aláìsàn rí, bẹ́ẹ̀ ibòmíràn ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi oògùn pa kókó náà lára kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀.

Fáírọ́ọ̀sì Méjì Tí Ọ̀rọ̀ Kàn

Tábà àti ọtí líle ni a ti mọ̀ tipẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ń fa jẹjẹrẹ ọ̀fun, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn jẹjẹrẹ ọ̀fun kan wà tí ó jẹ́ pé fáírọ́ọ̀sì ni ó lọ́wọ́ nínú wọn. Fáírọ́ọ̀sì kéré púpọ̀púpọ̀, kò sì lè dá pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn kí ó tó lè bí sí i, bí afòmọ́ tí ń gbé lórí igi obì tí ó sì ń mu oje rẹ̀.

Èkíní nínú wọn ni fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ìtàn bí a ṣe rí i ti bẹ̀rẹ̀. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, ṣàkíyèsí jẹjẹrẹ kan tí ń wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1958. Wọ́n rí irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ lára àwọn ọmọdé ní Ìbàdàn pẹ̀lú. Anthony Epstein gbọ́ àsọyé Burkitt ní London ní ọdún 1961, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ẹran jẹjẹrẹ náà láti Uganda nípasẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ní ìparí ọdún 1963, kùrukùru kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú kan balẹ̀ ní London, ó sì lọ balẹ̀ ní Manchester. Kí ẹran náà tó dé ọwọ́ Epstein, omi tí ó wà nínú ìgò rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Ẹlòmíràn ì bá ti rò pé ó ti bàjẹ́, kí ó sì dà á nù. Epstein yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ó ṣì wà láàyè ni ó mú omi náà ṣókùnkùn. Láti inú irú àwọn sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni òun, Bert Achong àti Yvonne Barr ti rí fáírọ́ọ̀sì náà, wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ọdún 1964. Ní ọdún 1970, Harald zur Hausen, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé DNA fáírọ́ọ̀sì kan náà wà nínú jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú.

Fáírọ́ọ̀sì kejì ni HPV. Oríṣiríṣi ni, ó ju ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn kan ń fa wọ́ọ̀tì lásán. Àwọn kan lè fa jẹjẹrẹ. Zur Hausen yìí kan náà ni ó ṣe aṣáájú àwọn tí ó rí HPV16 nínú jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ní ọdún 1983, a sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2008 nítorí iṣẹ́ náà. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ rí HPV16 nínú jẹjẹrẹ tónsùlù àti ìdí ahọ́n pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà lónìí, nǹkan bí 70 nínú 100 jẹjẹrẹ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ibi méjèèjì yìí ni a so mọ́ HPV.

Ọ̀pọ̀ Ni Ó Ń Gbé E, Díẹ̀ Ni Ó Ń Ṣàìsàn

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ohun tí a sọ yìí dẹ́rù bà yín. Ju 90 lọ nínú 100 àgbàlagbà ní gbogbo ayé ni fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr wà lára wọn. Nípasẹ̀ itọ́ ni ó ń ràn, ọ̀pọ̀ jù lọ wa sì ti kó o láti ìgbà èwe láìmọ̀. Yóò sùn sínú ara títí ọjọ́ ayé láìṣe wá ní nǹkan kan. Díẹ̀ kíún ni ó máa ń yọrí sí jẹjẹrẹ, àwọn nǹkan mìíràn sì máa ń dá sí i: ohun tí a jogún, ohun tí a ń jẹ, àti ibi tí a ń gbé. Gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà ni jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú ti wọ́pọ̀ jù lọ, ó wà ní Àríwá Áfíríkà dáadáa, a sì ń rí i ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ó ń mú ọkùnrin ju obìnrin lọ, kì í sì í fi àwọn ọ̀dọ́ sílẹ̀.

Bákan náà ni ti HPV. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó kó o ni yóò lé e lọ fúnra rẹ̀.

Ohun pàtàkì kan tẹ̀ lé èyí. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá sọ pé ẹnì kan ti kó fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr rí, ìyẹn nìkan kò fi hàn pé ó ní jẹjẹrẹ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo wa. Kí a tó lè sọ pé fáírọ́ọ̀sì lọ́wọ́ nínú àrùn yìí, a gbọ́dọ̀ bá a nínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà gan-an. Iṣẹ́ ẹnì kan tí aláìsàn kì í sábà rí nìyẹn, ìyẹn dókítà aṣàyẹ̀wò ẹran ara, tí àwọn ará ilé ìwòsàn ń pè ní pathologist.

Ìrìn Àjò Ẹran Ara Kékeré Kan

Dókítà etí, imú àti ọ̀fun yóò kọ́kọ́ ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní iná àti awò ní orí gba inú imú lọ, kí ó lè rí ẹ̀yìn imú àti ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Ó lè fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fa sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ nínú kókó ọrùn. Bí ó bá rí ibi tí kò dára, yóò gé ẹran tí ó lè má ju hóró ìrẹsì kan lọ níbẹ̀.

A gbọ́dọ̀ fi ẹran yìí sínú omi fọ́málìn láìjáfara, kí ó má baà rà. Ẹran tí a bá fi sínú omi lásán, tàbí tí a gbé sínú oòrùn fún wákàtí púpọ̀, yóò ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, irọ́ ni yóò sì pa fún un. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọn yóò fa omi inú rẹ̀ jáde, wọn yóò sì rì í sínú ìda yíyọ́. Nígbà tí ìda náà bá dì, yóò di búlọ́ọ̀kù kékeré. Ẹ̀rọ abẹ mímú kan yóò wá máa ré e ní pẹlẹbẹ, tí ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Wọn yóò tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, wọn yóò sì pa á láró. Ojú sẹ́ẹ̀lì yóò di aláwọ̀ aró, ara rẹ̀ yóò sì pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́.

Nígbà náà ni dókítà aṣàyẹ̀wò ẹran ara yóò gbé e sábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá. Bí ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó wà nínú kókó ọrùn, àwọn ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ó sábà máa ń rí níbẹ̀. Bí jẹjẹrẹ ni, yóò rí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tẹ̀ lé ìlànà mọ́: ojú wọn tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì ń pín láìdáwọ́dúró.

Ṣùgbọ́n ìrísí nìkan lè tanni jẹ. Nínú jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú, àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sábà máa ń dà pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè jọ jẹjẹrẹ mìíràn tí ń jẹ́ lymphoma. Ìtọ́jú àwọn méjèèjì kò rí bákan náà. Jẹjẹrẹ tónsùlù tí HPV fà pẹ̀lú ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Kókó tí ó bá yọ sí ọrùn lè kún fún omi, tí ẹni tí kò fara balẹ̀ yóò sì sọ pé àpò omi tí a bí mọ́ aláìsàn lásán ni. Bí irú àpò omi bẹ́ẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní ọrùn ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún, ó yẹ kí a fura.

Àwọ̀ Tí Ó Ń Tú Àṣírí

Àwọn àyẹ̀wò pàtàkì kan wà tí ń yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ń wá keratin, èròjà kan tí ó máa ń wà nínú sẹ́ẹ̀lì awọ ara àti inú ọ̀fun, ṣùgbọ́n tí kì í sí nínú lymphoma. Bí ó bá hàn nínú sẹ́ẹ̀lì náà, a mọ̀ pé lymphoma kọ́.

Èkejì ni EBER. Nígbà tí fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr bá ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, yóò máa ṣe ẹ̀dà RNA kékeré kan lọ́pọ̀lọpọ̀, ó lè tó mílíọ̀nù kan nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo. Àwọn òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ní èròjà kan tí ń lẹ̀ mọ́ RNA yìí nìkan, tí ó sì ń yí àwọ̀ padà ní ibi tí ó bá lẹ̀ mọ́. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wà níbẹ̀, ojú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ yóò dúdú jákèjádò, nígbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó yí i ká kò ní yí padà. Dókítà rí ọ̀daràn náà nínú ilé tí ó ti ṣọṣẹ́. Ṣùgbọ́n RNA tètè ń bàjẹ́. Bí wọn kò bá tètè fi ẹran náà sínú fọ́málìn, EBER lè sọ pé kò sí nígbà tí ó wà. Nítorí náà ni wọ́n fi máa ń ṣe àyẹ̀wò mìíràn pẹ̀lú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá RNA inú ẹran náà ṣì wà ní pípé.

Ẹ̀kẹta ni p16. Èyí kì í ṣe ara fáírọ́ọ̀sì rárá. Èròjà tí sẹ́ẹ̀lì tiwa fúnra rẹ̀ ń ṣe láti dá ara rẹ̀ dúró kí ó má pín jù ni. HPV máa ń ba bíréèkì sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì náà yóò wá máa ṣe p16 lọ́pọ̀ yanturu láìṣàṣeyọrí, bí awakọ̀ tí ń tẹ bíréèkì léraléra nígbà tí bíréèkì kò mú mọ́. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí àwọn aṣàyẹ̀wò ẹran ara ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2018, ó kéré tán 70 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gbọ́dọ̀ fi àwọ̀ p16 hàn dáadáa, ní ojú sẹ́ẹ̀lì àti ní ara rẹ̀, kí a tó lè kà á sí jẹjẹrẹ ọ̀fun tí HPV fà.

Nígbà Tí Àwọn Àmì Bá Takora

Bí àyẹ̀wò wọ̀nyí ti dára tó, àwọn jẹjẹrẹ kan ṣàjèjì, wọn kì í sì í tẹ̀ lé ohun tí a ń retí. HPV lè wà nínú jẹjẹrẹ kan ní tónsùlù tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré tí ó sì ṣù mọ́ra. Irú èyí máa ń yára tàn ká, kò sì gbọ́ ìtọ́jú bí àwọn jẹjẹrẹ HPV yòókù. Ní ọdún 2012, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe jẹjẹrẹ kan nínú imú tí ó jọ jẹjẹrẹ inú kókó itọ́ lójú awò, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé HPV ni ó wà nínú rẹ̀, pàápàá HPV33. Ẹni tí ó bá gbára lé ìrísí nìkan yóò pè é ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èèwọ̀ kan tún wà nínú p16: ó lè wà láìsí HPV, HPV sì lè wà láìsí p16. Ìwádìí ńlá kan tí ó jáde ní ọdún 2023, tí ó kó aláìsàn 7,654 láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ, fi hàn pé àmì méjèèjì takora lára nǹkan bí 9 nínú 100 wọn. Lára àwọn tí àmì méjèèjì wà ní ara wọn, nǹkan bí 81 nínú 100 ni ó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Lára àwọn tí kò ní èyíkéyìí, nǹkan bí 40 nínú 100 ni. Àwọn tí àmì wọn takora wà ní àárín, ní nǹkan bí 53 sí 55.

Èyí kan àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gan-an. A kò gbọ́dọ̀ gbé ìṣirò Amẹ́ríkà wá sílé bí ẹni pé tiwa ni. Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2013 láti Senegal yẹ jẹjẹrẹ orí àti ọrùn 117 wò. Ara 4 péré ni wọ́n ti rí HPV, kò sì sí p16 nínú àwọn mẹ́rin náà. Ní ibi tí HPV bá ti ṣọ̀wọ́n báyìí nínú jẹjẹrẹ ọ̀fun, p16 nìkan lè ṣi ènìyàn lọ́nà, ó sì sàn kí a wá fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀.

Ìdí Tí Orúkọ Àrùn Fi Ṣe Pàtàkì

Ẹnì kan lè béèrè pé, “Bí ó bá ti jẹ́ jẹjẹrẹ, kí ni ìwúlò mímọ fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀?” Ìdáhùn rẹ̀ wà lára àgbẹ̀ wa. Nígbà mìíràn dókítà lè rí jẹjẹrẹ nínú kókó ọrùn láìrí ibi tí ó ti wá. Ẹ̀dà kẹjọ ìwé ìlànà TNM, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2018, sọ pé kí wọ́n wá EBER àti p16 nínú irú kókó bẹ́ẹ̀. Bí EBER bá hàn, ẹ̀yìn imú ni wọn yóò kà sí orísun rẹ̀. Bí p16 bá hàn, tónsùlù tàbí ìdí ahọ́n ni.

Ìtọ́jú sì yàtọ̀. Ẹ̀yìn imú ṣòro fún ọ̀bẹ láti dé, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ibẹ̀ máa ń gbọ́ ìtọ́jú onítànṣán dáadáa. Òun sì ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ nígbà tí àrùn bá ti tàn. Ẹni tí a bá gé kókó ọrùn rẹ̀ kúrò láìmọ orísun rẹ̀ lè padà sí oko rẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ ṣì ń dàgbà lẹ́yìn imú rẹ̀. Bí a bá tètè rí i kí ó tó tàn ká, ìwòsàn ṣeé ṣe fún ọ̀pọ̀lọpọ̀.

Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe

Kókó ọrùn tí ó bá ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ lára àgbàlagbà gbọ́dọ̀ dé iwájú dókítà, ì báà dùn, ì báà má dùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí kan tí ó ń hó tàbí tí ó di láìnídìí, ihò imú kan tí ó ń dí ṣáá, ẹ̀jẹ̀ nínú kelebe, ojú tí ó ń rí ohun kan ní méjì, àti ọ̀fun tí ó ń dunni ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo.

Ìlaròó àti Ayétòrò ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè ìwé tí yóò gbé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà etí, imú àti ọ̀fun, bóyá ní Ìdí-Àbà ní Abẹ́òkúta, ní Ṣágámù, ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, tàbí ní UCH ní Ìbàdàn. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ọrùn wà lóòótọ́, ó sì wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ni ó yẹ kí ó fi í hàn. Bí a bá ti ń fún aláìsàn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí kókó rẹ̀ sì ń tóbi sí i, ẹ má ṣe dúró kí oògùn náà tán kí ẹ tó padà lọ.

Bí wọ́n bá ní kí wọ́n gé ẹran fún àyẹ̀wò, ẹ má sá. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé bí ọ̀bẹ bá kan jẹjẹrẹ yóò bínú. Àkókò tí aláìsàn pàdánù kí ó tó dé ilé ìwòsàn ni ó sábà máa ń pa á lára, kì í ṣe ẹran kékeré tí a gé. Bí wọ́n bá fún yín ní ìgò láti gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò, ẹ béèrè bóyá fọ́málìn ni ó wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e dé ibẹ̀ láìyà sí ibìkan.

Ẹ gba èsì yín ní kíkọ, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo yàrá àyẹ̀wò ni ó lè ṣe EBER tàbí p16. Ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù ìda tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, a sì lè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn láìtún gé aláìsàn lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan nínú wa ń sọdá lọ sí Kétu tàbí Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin fún ìtọ́jú. Èdè Faransé ni wọn yóò fi kọ ìwé wọn. Ẹ mú un bọ̀ wálé, nítorí pé èsì tí ó kù sí òdìkejì ibodè kò lè ran dókítà Abẹ́òkúta lọ́wọ́.

Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Kò tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr, ṣùgbọ́n ti HPV wà. Ní oṣù October ọdún 2023 ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìpínlẹ̀ Ògùn wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àbújá. Jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n HPV16 tí ó ń dènà ni HPV16 tí ń fa jẹjẹrẹ tónsùlù.

Ọ̀rọ̀ Fún Ìdílé

Ọ̀rọ̀ kan kù tí a kò fẹ́ fi sílẹ̀. Nípasẹ̀ ìbálòpọ̀ ni HPV sábà máa ń ràn, èyí sì lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín tọkọtaya nígbà tí èsì bá dé. Ẹ rántí pé fáírọ́ọ̀sì náà lè ti wọ ara ní ogún ọdún sẹ́yìn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí jẹjẹrẹ tó yọ. Èsì HPV kì í ṣe ẹ̀rí pé ọkọ tàbí aya ti dalẹ̀. Ti Epstein-Barr tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: itọ́ ni, ó sì lè jẹ́ ìyá tí ń gé oúnjẹ lẹ́nu fún ọmọ rẹ̀ ni ó fún un. A kò gbọ́dọ̀ fi àrùn ṣe ẹjọ́.

Kí àwọn ìjọ wa gbàdúrà fún aláìsàn, kí wọ́n sì fún un ní owó ọkọ̀ dé Abẹ́òkúta. Kí ẹnì kan bá a lọ, kí ó bá a gbọ́ ohun tí dókítà wí, nítorí pé etí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Bí àgbẹ̀ wa bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta, kì bá tí di oṣù kẹjọ. Ẹ fi ọwọ́ kan ọrùn yín ní alẹ́ òní. Bí ẹ bá rí ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó sì ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ jáde lọ sí ilé ìwòsàn.